Bàìbàì Kì í Ṣe Àbùkù: Àyẹ̀wò Ìwé Ballet ti Alexey Brodovitch àti Ọ̀nà Tí À Ń Gbà Ya Àwòrán Eré Orí Ìtàgé Lálẹ́

Àṣamọ̀

Àwòrán eré orí ìtàgé ti di ẹ̀rí pàtàkì ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ wa. Òun ni akẹ́kọ̀ọ́ ń lẹ̀ mọ́ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀, òun ni a ń fi han olùyẹ̀wò tó ti ìta wá, òun náà ni a ń tẹ̀ sínú ìwé tí a fi ń kọ́ni. Síbẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni a sábà máa ń bi í: ṣé ojú òṣèré hàn gedegbe? Iṣẹ́ yìí fi ìwé Ballet tí Alexey Brodovitch gbé jáde ní 1945 yẹ ìbéèrè náà wò. A fi ìwé náà wé àwòrán ijó Martha Graham tí Barbara Morgan yà, a sì tún wo ìwé Atọ́ka nílẹ̀ Yorùbá. Èrò wa ni pé àwòrán tó mọ́ kedere lè pa eré lẹ́nu mọ́, èyí tó ṣe bàìbàì sì lè jẹ́rìí sí eré náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo bàìbàì ló ní ìtumọ̀, àwa tí àkọsílẹ̀ ijó wa kò pọ̀ kò sì lè gbé ọ̀nà Brodovitch mì lódindi.

Ìfáàrà

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE ọdún kẹta tí mò ń kọ́ gbé Ọba Kò So ti Dúró Ládiípọ̀ sórí ìtàgé ní gbọ̀ngàn kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ilẹ̀ Yorùbá kọ́ ni kọ́lẹ́ẹ̀jì náà wà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òǹwòran kò gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ lórí ìtàgé. Hausa àti èdè àdúgbò ni wọ́n ń sọ láàárín ara wọn. Iná mànàmáná lọ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, bí ó ti máa ń ṣe, jẹnẹrétọ̀ kékeré kan sì gbé gílóòbù mẹ́rin. Ọmọbìnrin tó wà nídìí ètò ìmọ́lẹ̀ fi ọ̀rá pupa bo méjì nínú wọn. Ó ní kí wọ́n pa méjì yòókù nígbà tí inú bá bẹ̀rẹ̀ sí í bí Ṣàngó. Nígbà tí ọmọkùnrin tó ṣe Ṣàngó wá tu iná lẹ́nu, gbogbo gbọ̀ngàn pariwo. Àwọn ọmọdé tó jókòó níwájú fà sẹ́yìn. Kò sí ẹni tó nílò ògbufọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni olùyẹ̀wò tó ti ìta wá dé. Kò rí eré. Álíbọ́ọ̀mù ló rí. Nínú àwòrán tí wọ́n fi ṣe èkíní, ọmọkùnrin kan dúró, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, nǹkan pupa rẹ́súrẹ́sú kan sì wà níwájú ẹnu rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn tu omi ọsàn dànù. Ògiri tó sán hàn lẹ́yìn rẹ̀. Wáyà tó so kọ́ hàn. Fáànù tó ti bàjẹ́ hàn lókè orí rẹ̀. Olùyẹ̀wò gbójú sókè, ó bi olórí ẹgbẹ́ wọn pé, “Ìdánrawò lẹ yà níbí ni?” Ọmọ náà dáhùn pé, “Rárá, sà. Ọjọ́ eré gan-an ni, sà.” Bàbá mi orí, wọ́n sì gé máàkì ètò ìmọ́lẹ̀. Kì í ṣe ìkà ènìyàn. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló fi ṣèdájọ́, ohun náà sì sọ fún un pé kò sí ètò ìmọ́lẹ̀ kankan lórí ìtàgé ọ̀hún.

Ẹni tó ya àwòrán náà lo fíláàṣì. Ìmọ́lẹ̀ tó bù yẹ̀rì fún ohun tí kò tó ìdá 1 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá ló borí iná Ṣàngó, ló borí ọ̀rá pupa, ló sì tú gbogbo ohun tí ọmọbìnrin yẹn fi òkùnkùn bò síta. Kò sí irọ́ nínú àwòrán náà, tí a bá ní kí a sọ ọ́ bó ṣe rí: ògiri náà sán lóòótọ́. Àmọ́ kò sí ẹni tó rí ògiri náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ló mú mi padà sí ìwé kan tí àwọn alámèyítọ́ àwòrán mọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n tí kì í sábà dé yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ eré oníṣe wa.

Ìmọ́lẹ̀, Àkókò àti Ara Tó Ń Rìn

Ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú kámẹ́rà yóò máa rò pé ayàwòrán tí àwòrán rẹ̀ ṣe bàìbàì kò mọṣẹ́ ni. Ọ̀nà mẹ́ta péré ni kámẹ́rà fi lè rí ìmọ́lẹ̀ tó nínú òkùnkùn láìjẹ́ pé a tan iná mìíràn fún un. Ó lè la ojú lẹ́ǹsì rẹ̀ gbòòrò. Ó lè jẹ́ kí ìlẹ̀kùn kékeré inú rẹ̀ ṣí pẹ́ díẹ̀. Ó sì lè lo fíìmù, tàbí lóde òní awò inú kámẹ́rà, tó tètè ń gba ìmọ́lẹ̀ sára, èyí tí àwọn ayàwòrán ń fi ISO wọ̀n. Kò sí èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ nínú wọn. Bí ojú lẹ́ǹsì bá gbòòrò, òṣèré iwájú yóò hàn gaara, ẹni tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ yóò sì di òjìji. Bí ISO bá ga, àwòrán yóò kún fún hóró-hóró bí ẹni da iyanrìn sí i.

Ti àkókò ló le jù nínú ijó. Ká ní ọwọ́ oníjó kan ń rin mítà 3 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí kò le rárá fún ẹni tó ń jó bàtá. Bí ìlẹ̀kùn kámẹ́rà bá ṣí fún ìdá 1 nínú 30 ìṣẹ́jú àáyá, ọwọ́ náà yóò ti rin sẹ̀ǹtímítà 10 kí ìlẹ̀kùn tó tì. Kì í ṣe ọwọ́ ni yóò hàn mọ́, ipa ọwọ́ ni. Bí a bá sáré tì í ní ìdá 1 nínú 500, ìrìn ọwọ́ náà kò ní ju mìlímítà 6 lọ, yóò sì hàn dáadáa. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tó wọlé yóò ti dín sí nǹkan bí ìdá 1 nínú 17 ti àkọ́kọ́. Nínú gbọ̀ngàn tí gílóòbù mẹ́rin ń tàn, òkùnkùn biribiri ni èyí. Fóònù tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń lò kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó yan ìgbà tí yóò fi ìlẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, á kàn jẹ́ kó pẹ́ ni.

Fíláàṣì wá dà bí olùgbàlà. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ a máa rọ bó ṣe ń jìnnà: nínú ohun tó dé ara ẹni tó wà ní mítà 3, ìdá 1 nínú 16 péré ni yóò dé ara ẹni tó wà ní mítà 12. Ìdí nìyí tí àwọn tó jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn fi máa ń gbé àwòrán ẹ̀yìn orí àwọn tó wà níwájú wọn lọ sílé. Ẹni tó sì sún mọ́ ìtàgé tó láti fi fíláàṣì ya òṣèré ti sún mọ́ ọn tó láti fọ́ ọ lójú. Ẹni tó bá ń fi idà jó kò ní irú ìṣẹ́jú àáyá bẹ́ẹ̀ láti fi tọrẹ.

Ọ̀nà kan wà tí kò sí nínú kámẹ́rà rárá. Ẹni tó fò sókè máa ń dà bí ẹni tó so rọ̀ nígbà tó bá dé òkè téńté. Láti ìdá 1 nínú 10 ìṣẹ́jú àáyá kó tó dé òkè náà títí di ìdá 1 nínú 10 lẹ́yìn rẹ̀, ara rẹ̀ kò kúrò lójú kan ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Kámẹ́rà tí kò yára pàápàá lè mú un níbẹ̀. Ohun tó kù ni kí ayàwòrán mọ ìgbà tí òkè téńté yẹn ń bọ̀, kó sì ti tẹ kámẹ́rà kí ó tó dé, nítorí ọwọ́ máa ń pẹ́ ju ojú lọ. Nínú ijó bàtá, ìyá ìlù ló máa ń pe ẹsẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ohun tó ń sọ ti mọ ibi tí ẹsẹ̀ ń lọ kí ẹsẹ̀ tó gbéra. Mo ti rí ẹni tó gbé kámẹ́rà olówó gọbọi wá síbi ìnáwó, tó ń tẹ̀ ẹ́ ní gbogbo ìgbà tí ijó ti kọjá. Kámẹ́rà rẹ̀ kò lẹ́bi. Etí rẹ̀ ni kò bá a wá.

Ìwé Ballet

Wọ́n bí Alexey Brodovitch ní Rọ́ṣíà ní 1898. Lẹ́yìn tí ìjọba ibẹ̀ dojú dé, ó sá lọ sí Paris, níbi tó ti bá ẹgbẹ́ Ballets Russes ti Diaghilev kun aṣọ àti pátákó ẹ̀yìn ìtàgé. Ní 1930 ó kọjá sí Amẹ́ríkà láti wá kọ́ni ní Philadelphia, láti 1934 títí di 1958 ni ó sì fi jẹ́ olùdarí iṣẹ́ ọnà fún ìwé ìròyìn Harper’s Bazaar. Olùkọ́ ni, ẹ jẹ́ kí àwa olùkọ́ fi èyí sọ́kàn. Richard Avedon wà lára àwọn tó gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Láàárín 1935 sí 1937, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ oníjó Rọ́ṣíà tó gba ipò ti Diaghilev ń wá jó ní New York, Brodovitch gbé kámẹ́rà kékeré kan tó ń lo fíìmù mìlímítà 35 lọ bá wọn. Kò lo fíláàṣì. Ìmọ́lẹ̀ ìtàgé nìkan ló lò, fíìmù ìgbà náà kò sì yára bí awò kámẹ́rà òde òní. Gbogbo ohun tí ìwé ìtọ́ni ayàwòrán máa ń sọ pé kí a sá fún ló wà nínú ohun tó mú bọ̀: ara tó fà, ojú tí kò hàn, gílóòbù tó kọjú sí lẹ́ǹsì tó sì tú ká bí òṣùmàrè funfun, hóró-hóró káàkiri. Ní 1945 ni ilé iṣẹ́ J. J. Augustin ní New York tẹ 104 nínú àwọn àwòrán náà jáde ní ìwé, Edwin Denby tó jẹ́ alámèyítọ́ ijó sì kọ ọ̀rọ̀ sí i. Ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ kò pọ̀ rárá.

Ìwé tó fẹ̀ ju bó ṣe ga lọ ni. Ijó mọ́kànlá ló pín in sí abala, Les Noces, Les Sylphides, Symphonie Fantastique àti àwọn mìíràn. Kò sí àlà funfun létí àwòrán. Àwòrán lọ títí dé ẹ̀gbẹ́ bébà, ti ojú ewé òsì sì fara kan ti ọ̀tún. Ohun tí èyí ṣe sí òǹkàwé ni pé kò lè dá àwòrán kan dúró kó sọ pé ‘èyí dára, èyí kò dára’. Ó gbọ́dọ̀ máa ṣí i lọ bí ẹni wo ijó. Nínú abala Les Sylphides, níbi tí aṣọ funfun gígùn ti gba ìtàgé, aṣọ náà ti di èéfín, ènìyàn sì ń yọ láti inú èéfín náà kó tó tún wọ inú rẹ̀ padà. Ẹni tó bá wá síbẹ̀ láti mọ orúkọ oníjó yóò padà lọ́wọ́ òfo. Ẹni tó bá wá síbẹ̀ láti mọ bó ṣe ń ṣe ènìyàn nígbà tó jókòó nínú òkùnkùn, tí ohun funfun ń kọjá níwájú rẹ̀ pẹ̀lú orin, yóò rí i.

Ohun mìíràn tí mo fẹ́ràn nínú ìwé náà ni pé Brodovitch kì í dúró síwájú nìkan. Ó máa ń bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìtàgé, níbi tí oníjó ti ń dúró kí orin tó kàn án, tí ìmọ́lẹ̀ ìtàgé ń gba ojú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Àwa náà mọ ibẹ̀. Ibẹ̀ ni òṣèré wa ti ń gbàdúrà, ibẹ̀ ni a ti ń so gèlè tó tú. Nínú gbogbo àwòrán eré akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ti yẹ̀ wò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mélòó ló ti ẹ̀gbẹ́ ìtàgé wá? N kò rò pé wọ́n pé mẹ́wàá.

Àbùkù wà nínú ìwé náà, ó sì yẹ kí a sọ ọ́. Àkọ́kọ́, kì í ṣe gbogbo bàìbàì tó wà níbẹ̀ ni ìtàgé fún un. Brodovitch gé àwòrán, ó fẹ ibi kékeré lójú, ó fi kẹ́míkà mú àwọn ibì kan funfun sí i nínú yàrá tí wọ́n ti ń fọ fíìmù. Ẹni tó bá fẹ́ lo ìwé náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe rí lálẹ́ ọjọ́ kan pàtó gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Èkejì burú ju ìyẹn lọ: ìṣísẹ̀ ijó sọnù. Ẹni tó fẹ́ tún Les Noces ti Nijinska jó kò lè fi ìwé yìí kọ́ ibi tí ẹsẹ̀ yóò wà. Àwòrán tó gba ìmọ̀lára ijó ti fi ìlànà ijó sílẹ̀.

Àwọn Tó Dúró fún Kámẹ́rà

Ní nǹkan bí àkókò kan náà, ní New York kan náà, Barbara Morgan ń ṣe òdìkejì. Láti 1935 ni ó ti ń ya ijó Martha Graham, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1941. Morgan kì í ya ijó níwájú òǹwòran. Yóò wo ijó náà léraléra títí yóò fi mọ ìgbà tí ó dé góńgó, lẹ́yìn náà ni yóò ní kí Graham wá sí yàrá ayàwòrán, yóò to iná tirẹ̀, wọn yóò sì tún ibẹ̀ jó fún kámẹ́rà. Àwòrán rẹ̀ tó lókìkí jù, èyí tó yà nínú ijó Letter to the World ní 1940, mú Graham níbi tó ti tẹ̀ síwájú, tí ọwọ́ rẹ̀ wà níwájú orí, tí síkẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ sì gbé sókè lẹ́yìn rẹ̀ bí ìgbì omi. Gbogbo ìṣẹ́po aṣọ náà hàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò rí ijó náà rí mọ àwòrán yìí, wọ́n sì gbà pé ijó náà ni àwọn rí.

Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ Morgan. Akẹ́kọ̀ọ́ ijó lè kọ́ nǹkan lára rẹ̀ nípa ìwúwo ara àti ibi tí agbára ti ń jáde, èyí tí kò lè kọ́ lára Brodovitch. Àmọ́ òǹwòran kò sí nínú rẹ̀. Àárẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Kò sí ewu pé ẹsẹ̀ lè yẹ̀. A yan àkókò kan, a sì yọ ọ́ kúrò nínú alẹ́ tó bí i.

Nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀nà Morgan la mọ̀ jù, bí a kò tilẹ̀ mọ Morgan. Àwọn tó ti dàgbà láàárín wa yóò rántí Atọ́ka, ìwé tó sọ eré àwọn ẹgbẹ́ òṣèré di ìtàn alawòrán, tí ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu òṣèré nínú àwòrán. Mo jẹ Atọ́ka ní gbèsè, nítorí ojú àwọn àgbà òṣèré tí n kò bá láyé eré wọn, inú rẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ojú tó dúró fún kámẹ́rà ni. Òṣèré la ẹnu, ayàwòrán ní kó dúró bẹ́ẹ̀, ó tẹ kámẹ́rà. Àṣà yìí dára fún ìwé ìtàn, kò sí ẹ̀sùn níbẹ̀. Ibi tí ẹ̀sùn wà ni pé a gbé e wọ inú ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ láìsọ fún ọmọ pé wọ́n dúró ni. Ọ̀pọ̀ àwòrán tí mo ti rí lábẹ́ àkọlé ‘oníjó bàtá’ ló jẹ́ ti ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fìdí múlẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà lọ́sàn-án gangan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti ìlú tí kò sí bàtá wá, irú àwọn tí mò ń kọ́, yóò rò pé aṣọ wíwọ̀ ni bàtá.

Níbí ni mo ti fẹ́ yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó ń yin Brodovitch láìyọ nǹkan kan sílẹ̀. Nígbà tó fi bàìbàì ya Les Sylphides, ijó náà ti ní olùkọ́ tó ń kọ́ ọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, ó ti ní alámèyítọ́ tó ń kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, ó sì ti ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwòrán tó mọ́ kedere. Àfikún ni bàìbàì tirẹ̀ jẹ́. Ijó tiwa mìíràn wà tó jẹ́ pé àwòrán kan ṣoṣo ni ẹ̀rí tó kù lẹ́yìn tí àgbà tó mọ̀ ọ́n bá ti papò dà. Bí ẹ̀rí kan ṣoṣo yẹn bá jẹ́ èéfín, kí ni a ó fi kọ́ ọmọ? Ẹni tó ní aṣọ mẹ́wàá lè fa ọ̀kan ya kó fi ṣe oge.

Nítorí náà, kì í ṣe pé kí a yan ọ̀kan nínú méjèèjì. Ohun tó kàn wá ni pé kí a mọ èyí tó wà lọ́wọ́ wa, kí a sì kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán. ‘Òṣèré dúró fún kámẹ́rà, ọ̀sán’ jẹ́ gbólóhùn kan. ‘Nígbà eré, alẹ́, ìmọ́lẹ̀ ìtàgé nìkan’ jẹ́ òmíràn. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Alẹ́ Ẹ̀fẹ̀

Ohun tí àìsí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ àti ìbẹ̀rù òkùnkùn ti ṣe fún wa hàn jù lára Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí àṣà àjogúnbá fún gbogbo ayé ní 2001, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sínú àkójọ wọn ní 2008, lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo. Apá méjì ni ó ní. Òru ni Ẹ̀fẹ̀ ń wáyé, ní ojú ọjà, níbi tí akọrin tó gbé igi lórí ti ń kọrin ìwúre àti orin ẹ̀fẹ̀, tó ń bú ẹni tó yẹ kí a bú, títí ilẹ̀ fi fẹ́ mọ́. Lọ́sàn-án ni àwọn tó gbé igi ń jó ní méjì méjì.

Ẹ ṣí ìwé tó bá wà lọ́wọ́ yín tó ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nínú. Nínú àwọn tí mo ti ṣí, bí kì í bá ṣe igi lórí tábìlì mùsíọ́ọ̀mù, àwọn tó ń jó lọ́sàn-án ni. Òru ti jábọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ wa lè ṣàpèjúwe ère tó wà lórí igi, kò sì mọ̀ pé akọrin kan wà tí gbogbo ìlú jókòó tì lóru. Kì í ṣe pé ẹnì kan pinnu pé òru kò ṣe pàtàkì. Kámẹ́rà ló fẹ́ràn ọ̀sán, àwa sì tẹ̀lé kámẹ́rà. Àwòrán Ẹ̀fẹ̀ tó ṣe bàìbàì, tí igi hàn díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ àtùpà, tí orí àwọn òǹwòran dúdú níwájú rẹ̀, ìbá ti kọ́ wọn ní ohun tí àwòrán ọ̀sán mẹ́wàá kò lè kọ́ wọn. Àyè gbígbà wà níbẹ̀ o. Ibi tí àwọn tó ni nǹkan bá ní kí a má yà, a kò gbọ́dọ̀ yà á, bàìbàì tàbí gaara. Fíláàṣì sì kọ́, ká má tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀.

Nínú Kíláàsì Wa

Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ álíbọ́ọ̀mù yẹn ti ṣẹlẹ̀, mo ti yí bí mo ṣe ń gba àwòrán lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ padà. N kì í gba álíbọ́ọ̀mù tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ti fíláàṣì mọ́. Mo ń ní kí ayàwòrán wà níbi ìdánrawò ní ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì láìgbé kámẹ́rà dání, kí ó mọ ibi tí ìlù ti ń pe ẹsẹ̀. Tí a bá fẹ́ àwòrán tí aṣọ àti ojú yóò hàn, a ó ya ìyẹn ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, a ó sì kọ ọ́ síbẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rò pé mo ń fi àkókò ṣòfò. Ọ̀kan sọ fún mi pé iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá kọ́ ni kámẹ́rà. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì náà tó mọ ohun tí ìyá ìlù ń sọ.

Ohun kan kù tí n kò tíì sọ nípa Ọba Kò So wa. Àwòrán kejì wà. Ọ̀kan nínú àwọn onílù, ọmọ tí kò kàn láti lù ní ìran yẹn, gbé fóònù rẹ̀ lé orí àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé kó má baà mì, ó pa fíláàṣì, ó sì tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ìlù sọ fún un pé iná ti fẹ́ jáde. Àwòrán náà tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ojú Ṣàngó kò hàn. Àgbọ̀n rẹ̀ àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ nìkan ni iná tàn sí, ọwọ́ rẹ̀ sì ti di ipa pupa. Iná náà tẹ bí ọrun láti ẹnu rẹ̀ lọ sókè. Ní ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ojú ọmọdé mẹ́ta wà nínú òkùnkùn, ẹnu wọn là. Ògiri kò sí. Fáànù kò sí. Olórí ẹgbẹ́ ti yọ ọ́ kúrò nínú álíbọ́ọ̀mù kí olùyẹ̀wò tó dé, ó ní kò mọ́lẹ̀ tó.

Mo máa ń gbé àwòrán méjèèjì síwájú àwọn ọmọ ọdún kìíní báyìí láìsọ nǹkan kan, màá wá bi wọ́n pé nínú èwo ni ẹni tó ṣe ètò ìmọ́lẹ̀ ti mọṣẹ́ jù. Ọmọbìnrin tó ṣe é ti di olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ kan báyìí. Ní ọdún tó kọjá ni mo tó rántí pé kò rí àwòrán kejì yẹn rí, mo sì fi ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Kò pẹ́ tó fi dáhùn. “Ẹ ṣé gan-an, sà. Ọ̀rá pupa mi hàn.”